Ọkọ̀ Ojú Omi Àlòkù Tí Àwa Mẹ́ta Rà

Ní Kabba tí wọ́n bí mi sí, kò sí ẹni tó ń bi ọmọ rẹ̀ bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Òkè ló yí wa ká. Omi tí a mọ̀ ni omi kànga, omi ẹ̀rọ tí kì í sábà yọ, àti odò kékeré tí a ń fọ aṣọ nínú rẹ̀, tí kò mu ju orúnkún lọ. Odò ńlá wà ní Lọ́kọ́ja, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú mọ́tò la ti ń wò ó, a ó sì kọjá lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo ń dágbére nílé pé ọdún méjì kò ní pé tí màá fi ní ìpín nínú ọkọ̀ ojú omi kan, tó jẹ́ pé èmi gan-an ni màá máa wà á, màá sọ pé ó ṣì mí mọ́ ẹlòmíràn ni.

Ìpínlẹ̀ Kogí ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà ni. Mẹkáníìkì ni bàbá mi. Kàdúná ló ti kọ́ṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti kó "tò" tó máa ń fi parí ọ̀rọ̀ bọ̀ wálé. Iṣẹ́ pọ̀ fún un lásìkò yẹn, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti Ìyárá, Mopa àti ọ̀dọ̀ tiwa ti ń sáré lọ sí Lọ́kọ́ja láti aago márùn-ún ìdájí Ọjọ́ Ajé, ọ̀nà sì ń ba mọ́tò wọn jẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń mú sípánà fún un bí mo bá ti ilé ìwé dé. Kò fìgbà kan sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ohun tó máa ń sọ ni pé kí n bọ́ aṣọ ilé ìwé kí ọ́ìlì má baà bà á jẹ́.

Ìlú kékeré kan ní àríwá Amẹ́ríkà ni mo lọ, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ti fún mi ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àárín òtútù ni mo dé. Nígbà tí awakọ̀ tó wá gbé mi ń gba ẹ̀gbẹ́ pápá funfun kan kọjá, mo rí mọ́tò mẹ́rin tí wọ́n gúnlẹ̀ sáàárín pápá náà, pẹ̀lú ahéré kékeré méjì. Mo bi í pé oko kí ni wọ́n ń dá níbẹ̀. Ó ní kì í ṣe oko, adágún omi ni, omi náà ló dì. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó rìn lọ sórí omi náà, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì kí n lè gbà á gbọ́. N kò kúrò nínú mọ́tò.

Òtútù náà burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dùn mí jù. Ìkíni ni. Nílé, o kò lè kọjá níwájú ẹnìkan láìsí "òkun o", ẹni náà á dá ọ lóhùn, á béèrè ilé, á béèrè ọ̀nà. Níbẹ̀, wọ́n á bi ọ́ pé báwo ni, wọn ò sì ní dúró gbọ́ ìdáhùn. Lọ́jọ́ kan, mo ń ṣàlàyé bí ara mi ṣe rí fún ọmọ kíláàsì mi kan tó béèrè, kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ mi, ó ti ṣílẹ̀kùn jáde. Láti ọjọ́ náà lọ, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ "dáadáa ni" láìdúró. Mo mọ̀ ọ́n sọ débi pé, nígbà tó yá, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnu mi kò ní sọ ju ìyẹn lọ.

Ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwo ni mo ń fọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Mégì.

Ọmọ àgbẹ̀ tó ń sin màlúù ni Mégì, ó ga, irun rẹ̀ pupa, kì í sì í rọra sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a jọ dúró nídìí omi gbígbóná, ó ní kí n pe orúkọ mi fún òun lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fi bíírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ. Kí iṣẹ́ tó parí, omi ti fọ̀ ọ́ kúrò. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí lórúkọ láti ẹnu ọ̀nà. Kò pè é gún, ṣùgbọ́n ó pè é. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbìyànjú rẹ̀ láti oṣù méjì tí mo ti dé.

Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa eré orí pátákó. Ó ní tí adágún bá ti yọ́, àwọn máa ń de ẹsẹ̀ mọ́ pátákó kan, àwọn á di okùn tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ ojú omi mú, ọkọ̀ náà á máa sáré, á máa fa àwọn lọ lórí omi. Mo bi í pé ta ló fi ìyẹn jẹ wọ́n níyà. Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá wa fi wá wò wá.

Nígbà tí oòrùn padà, ó mú mi lọ sétí adágún. Aládùúgbò rẹ̀ kan ló ni ọkọ̀ tó ń fà á. Mégì wà nínú omi dé ọrùn, ẹ́ńjìnnì bú, okùn náà le gbọnran, Mégì sì dìde látinú omi bí ẹni tó ń dìde lórí àga. N kò rí ohun tó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ̀ náà ń da omi sápá ọ̀tún àti sápá òsì lẹ́yìn rẹ̀ bí ebè iṣu méjì, Mégì á ti orí ebè kan fò, á dúró lókè fún ìgbà díẹ̀, á máa gbìyànjú láti balẹ̀ sí ìkejì. Ó ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì burú bó ṣe ń ṣubú, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí orí rẹ̀ bá yọ, ẹ̀rín ló ń rín. Mo jókòó sórí òkúta, mo ń wò ó títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Ohun tó jọ mí lójú ju fífò rẹ̀ lọ ni pé kò bìkítà pé àwọn ènìyàn ń wo òun bí òun ṣe ń ṣubú.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, aládùúgbò náà kó kúrò nílùú, ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, Mégì ní a ó ra tiwa.

"Tiwa" ló sọ. Ó ní ọ̀rẹ́ òun Bráyán, tó ń ṣiṣẹ́ nílé epo, máa dá sí i, òun náà máa dá sí i, èmi ni òun sì ń bẹ̀, torí mo ti sọ fún òun pé ọmọ mẹkáníìkì ni mí. Owó tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè kó jọ kò lè ra mọ́tò tó dára, ká má tíì sọ ti ọkọ̀ ojú omi. Tèmi nínú rẹ̀ ni owó tí mo ti tọ́jú láti fi ra kóòtù tuntun. Mo rò ó lóru ọjọ́ kan péré. Kóòtù mi àtijọ́ ya ní abíyá, ṣùgbọ́n a lè gán an. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, kò tíì sí ẹni tó lo ọ̀rọ̀ náà "tiwa" fún ohun kan tí èmi wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ lóṣù ni mo máa ń pe ilé. Bàbá àti ìyá mi á ti wọṣọ, wọ́n á lọ jókòó sí ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Kabba, wọ́n á máa retí. Mo sọ fún bàbá mi pé a fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi. Mo gbọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni.

"Irú ẹ́ńjìnnì wo ló wà nínú rẹ̀?"

Mo ní Mégì sọ pé ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni wọ́n máa ń gbé sínú àwọn tó ti pẹ́.

"Ẹ́ńjìnnì mọ́tò?" Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n gbọ́ dáadáa, nítorí owó fóònù ń lọ. "Kí ẹni tó fẹ́ tà á tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì náà. Bó bá gbóná, ó ti ṣáná sí i kí ẹ tó dé, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́ fún yín. Fa géèjì ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Má tiẹ̀ jókòó níbẹ̀. Tò."

Ìyá mi gba fóònù, ó ní kí n má wọ inú omi. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá béèrè bóyá mo ń jẹun.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a lọ wò pupa, ó ń dán. Ọkùnrin tó ni ín ti nu gbogbo ara rẹ̀, àga inú rẹ̀ funfun, iye tó pè é sì súnmọ́ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Bráyán ti jókòó sí ibi ìjókòó awakọ̀ kí a tó kí onítọ̀hún tán. Mo ṣí ìbòrí, mo gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Ó gbóná. Ọkùnrin náà ní oòrùn ni, bẹ́ẹ̀ abẹ́ igi ló gbé ọkọ̀ náà sí. Mo fa géèjì yọ. Ọ́ìlì tó wà lórí rẹ̀ funfun, ó ki, ògì gan-an ni.

Mo fa Mégì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sọ fún un. Bráyán gbọ́, inú bí i. Níwájú ọkùnrin náà, ó bi mí pé kí ni mo mọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi.

"N kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ojú omi," ni mo wí. "Ẹ́ńjìnnì ni mo mọ̀."

Mégì wo èmi, ó wo Bráyán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì ṣáájú jáde. Mo gbà pé mo ti ba ẹgbẹ́ náà jẹ́. Ìgbà tó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Bráyán wọ inú ilé ìdáná tí èmi àti Mégì ti ń fọ àwo, tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun rí ọkọ̀ pupa náà níwájú ilé epo, wọ́n ń fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹni tó rà á sì ń fi ẹsẹ̀ ta táyà mọ́tò rẹ̀. Ó ní kò yẹ kí òun sọ̀rọ̀ sí mi bẹ́ẹ̀ lójú àlejò. Bó bá dákẹ́ ni, a kì bá tí mọ̀. Ó fi àkókò ìsinmi ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ wá sọ ọ́.

A wá ọkọ̀ kiri títí ìgbà ooru fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì. Àwọn kan wọ́n jù, àwọn kan kò ju igbá jíjẹrà lọ. Níkẹyìn, Mégì rí ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìdẹ ẹja. Bàbá arúgbó kan tó ti fi ọkọ̀ ńlá kó gẹdú rí ló kọ ọ́. Kálì lorúkọ rẹ̀, ó sì ní kí a máa pe òun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ láti pe àgbà lórúkọ lásán. Baba Kálì ni mo pè é. Ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un, ó sì ní òun fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé rẹ̀. Kò rẹwà rárá. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, eku ti jẹ àga rẹ̀. Kí a tó béèrè ohunkóhun, baba náà fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ ọkọ̀ náà lápá ẹ̀yìn, ó ní ibẹ̀ ti jẹrà, kí a má tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Ó tutù bí omi kànga. Mo gbójú sókè, mo rí i pé baba náà ń wò mí.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Bàbá mi ni, sà. Mẹkáníìkì ni wọ́n, nílé wa ní Kabba."

Ó fa àpótí kan fún mi, ó ní kí n ṣáná sí i fúnra mi. Òun ló kọ́ mi pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ń mu omi láti ìta kó má baà gbóná jù, ó sì fi rọ́bà omi ọgbà rẹ̀ sí i kí n tó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó gbà. Ó ń dún geere, láìhúkọ́. Baba náà di ojú rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ló máa ń wà á, tí àwọn ọmọ àwọn á máa tẹ̀ lé e lórí pátákó. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ìyàwó náà ti kú, ọkọ̀ náà kò sì kan omi mọ́, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni òun ń ṣáná sí i kí òun lè gbọ́ ọ. Tí òtútù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun á sì fa gbogbo omi inú rẹ̀ dànù, nítorí bí omi bá dì nínú ẹ́ńjìnnì, irin á là.

Mégì sọ iye tí a ní fún un, kò dín in kù, kò bù mọ́ ọn. Kò tó iye tó kọ sínú ìwé. Baba náà rò ó, ó sì gbà, pẹ̀lú àdéhùn kan: kí òtútù tó dé, kí a gbé ọkọ̀ náà wá sọ́dọ̀ òun, kí òun lè rí i bí èmi yóò ṣe fa omi inú rẹ̀ dànù.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi lórí fóònù, ọ̀rọ̀ irin ló dúró tì. Ó ní, "Omi ló ń la irin?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tó bá ti dì. Ó ní kí n tún ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti ń fa omi náà jáde, mo ṣàlàyé, ó ń béèrè, ó ń béèrè, bí mo ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó wá yíjú sí àwọn tó wà ní ọ́fíìsì náà, ó ń sọ fún wọn pé ọmọ òun wà níbi tí omi ti ń fọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bò ó. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kí mi láti ọ̀ọ́kán, àwọn tí n kò mọ̀, "òkun o, òkun o, ọmọ wa." Mo di fóònù mú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó ti já.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ṣe ilẹ̀ ọkọ̀ náà. A gé èyí tó jẹrà kúrò, ó ń já lọ́wọ́ wa bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. A fi pátákó tuntun dí i, a fi oje kan tó ń rùn fóófó, tó ń le bí òkúta, kùn ún. Èmi tú ẹ́ńjìnnì, mo fọ ohun tó yẹ ní fífọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé ọwọ́ mi sókè, mo rí i pé ó dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ara mi ń rùn bí aṣọ iṣẹ́ bàbá mi. Mo ti rò pé láti jẹ́ ara ibẹ̀, àfi kí n kọ́ ohun tuntun gbogbo, kí n gbé ti àtijọ́ sílẹ̀. Ohun tó wúlò jù lára mi fún wọn ni èyí tí mo ti mọ̀ kí n tó dé.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e sómi, a gbàgbé láti dí ihò ìdí rẹ̀, èyí tí omi òjò ń gbà jáde tó bá wà lórí ilẹ̀. A kò tíì lọ jìnnà tí omi fi bo ọrùn ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀rù bà mí. Mégì ní kí n pa ẹ́ńjìnnì. Mo pa á. Ó mú ìdérí ihò náà lọ́wọ́, ó bẹ́ sómi, ó rì sábẹ́ ọkọ̀, ó dí i. Àwọn tó wà létí adágún ń rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀.

Èmi ni mo di awakọ̀, torí àwọn méjèèjì fẹ́ gun pátákó, èmi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. A rò pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n etí ni mo fi ń wà á. Bí Mégì bá ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ́ńjìnnì á wúwo díẹ̀, màá gbọ́ ọ kí n tó rí i, màá fún un lépo ní ìwọ̀nba, kí eré rẹ̀ má yí padà. Mégì ní kò sí ẹni tó tíì fa òun dọ́gba bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà ooru yẹn ló kọ́kọ́ fò láti orí ìgbì kan dé èkejì, tó sì balẹ̀ láìṣubú. Mo pariwo débi pé mo gbàgbé láti wo iwájú.

Kí òtútù tó dé, a gbé e lọ sọ́dọ̀ Baba Kálì, mo fa omi inú rẹ̀ dànù lójú rẹ̀, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo wọ kóòtù gígán kọjá òtútù ọdún náà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, Mégì ń mú mi lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa tí wọ́n kọ́ sábẹ́ òrùlé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi di etí rẹ̀ mú, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹja. Kò kán mi lójú. Kò sì jẹ́ kí n padà sílé.

Nígbà ooru kejì, wọ́n de ẹsẹ̀ mi mọ́ pátákó. Mo ṣubú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ṣubú ní ọjọ́ kejì, mo mu omi adágún yó. Mégì ń pariwo láti inú ọkọ̀ pé kí n má fa ara mi dìde, kí n jẹ́ kí ọkọ̀ fà mí. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, èmi ni mo ń fa ara mi.

Ní Sátidé kan, mo ká orúnkún mi, mo jẹ́ kí okùn náà le. Mo kàn rí i pé mo ti dúró ni. Omi ń sáré lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, igi etí adágún ń sáré, Bráyán ń wa ọkọ̀, Mégì sì kọjú sí mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó ń sunkún tàbí ó ń rẹ́rìn-ín, n kò lè mọ̀. Kò pẹ́. Mo sọ okùn náà nù nígbà tí apá ń ro mí, mo sì rọra wọ inú omi. Ọkọ̀ náà ń lọ, ó ń kéré sí i, ariwo rẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Èmi nìkan ló kù láàárín adágún, ẹ̀wù amúniléfòó gbé mi ró, ilẹ̀ jìnnà nísàlẹ̀ mi. Mo wo ojú ọ̀run. Ẹ̀rù kò bà mí. Mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà rọlẹ̀, tó yí orí padà, tó ń bọ̀ wá gbé mi.